Kòkòrò Olówùú Tí Ìyá Yíiwò Fi Gbẹ̀san

Ẹ má wulẹ̀ bẹ Ìyá Yíiwò pé kó dárí ji àbúrò rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò lọ́dún tí à ń wí yìí, ṣe ló máa gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e wá. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní kó máa rán ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n gbà ni. Ẹnì kan tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó gbọ́n, ó ní ọmọ ìyá ẹni ò ṣeé sọ nù. Ìyá Yíiwò wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ewé, ṣebí ara ewé náà ló ń gbé. Ẹ bá mi kúrò níbí jàre."

Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń dùn ún. Ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ kí iṣẹ́ náà tó bọ́ ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Ó lọ bá Métírọ́ọ̀nù, ọ̀gá ilé ìgbẹ̀bí tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ojú ẹ̀gbọ́n òun ti ń ṣú. Ojú! Ojú ta ni? Ká ní ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń jalè ni, ìyẹn ì bá sàn. Ká ní ó ní ọ̀lẹ ni, wọn ì bá jọ fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ni Ìyá Yíiwò fi ń jẹun, ojú náà ló sọ ọ́ di èèyàn láàárín àwọn tó ń tọ́jú òdòdó, ojú yẹn gan-an sì ni ọmọ ìyá rẹ̀ fọwọ́ gún.

Ọdún méjìdínlógún ló fi tọ́jú òdòdó iwájú ilé ìgbẹ̀bí náà. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí àwọn aboyún máa ń jókòó sí títí wọ́n á fi pè wọ́n wọlé, òdòdó ló sì yí bẹ́ǹṣì náà ká. Róòsì wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, òdòdó pupa kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń là gbàgà ni wọ́n gbìn, èyí tí nǹkan gígùn kan yọ jáde láàárín rẹ̀ bí ahọ́n. Aláhọ́n ni Ìyá Yíiwò ń pè é. Ó ní òun mọ obìnrin kan tó jọ ọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Métírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin Aláhọ́n àkọ́kọ́, bí ewé rẹ̀ kan bá sì rọ, gbogbo nọ́ọ̀sì ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Orúkọ tí bàbá Ìyá Yíiwò sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé òdòdó wá bá a pé ó ń kú lọ, kò ní wo òkè ewé rárá. "Ẹ yí i wò," ló máa wí. "Òkè ewé kì í sọ òótọ́. Olè kì í jókòó sí pálọ̀." Bó bá yí ewé náà tán, ẹjọ́ ti parí. Bí ewé bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹni fọwọ́ kan oyin, tí nǹkan kéékèèké aláwọ̀ ewé ṣù mọ́ ọ̀mùnú rẹ̀, á ní iná ewé ni, àwọn tó ń fa omi ara òdòdó mu bí iná orí ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀. Omi líle láti ẹnu rọ́bà ló máa fi gbá wọn dànù lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà á po ọṣẹ olómi ṣíbí ìmutíì méjì mọ́ omi lítà kan, á fi wẹ abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi omi ọṣẹ wẹ òdòdó lọ́sàn-án gangan, Ìyá Yíiwò ní ọbẹ̀ ló ń sè.

Bí ewé bá ń pàwọ̀ dà, tó dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, bébà funfun ló máa gbé sábẹ́ ẹ̀ka, á sì gbọn ẹ̀ka náà pẹ́pẹ́. Bí ẹ bá rí ohun tó já sórí bébà yẹn tó sì ń rìn, ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́, aláǹtakùn pupa ti wọlé nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì á tẹjú mọ́ bébà, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Òun á máa ka ẹsẹ̀ kòkòrò náà.

Èyí tó kórìíra jù ni olówùú. Kòkòrò kékeré tó rọ̀ ni, ó fi nǹkan funfun bora bí òwú, ó sì máa ń há sí oríkèé ẹ̀ka àti abẹ́ ewé. Ọ̀lẹ paraku ni. Ibi tó bá jókòó sí náà ló ń jẹun sí, kì í sáré, kì í jà. Èèrà ló ń bá a jà. Olówùú máa ń yọ omi dídùn sára ewé, èèrà ń lá a, èèrà náà ló sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń da ẹran. Ìyá Yíiwò ní ẹni tó bá ń pa olówùú tí kò lé èèrà kúrò nídìí igi, ṣe ló ń gbálẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Gbogbo èyí ló kọ́ àbúrò rẹ̀. Kékeré ni gbogbo ilé ń pe àbúrò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sanra tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì sùn sí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀. Nígbà tó dàgbà tí kò ríṣẹ́ ṣe, Ìyá Yíiwò fà á lọ́wọ́ wọ ilé ìgbẹ̀bí, ó ní kó máa bá òun pọnmi. Ó fi ọdún mẹ́rin pọnmi. Ní ọdún karùn-ún, ó pọn tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Métírọ́ọ̀nù.

Òdòdó orí tábìlì Métírọ́ọ̀nù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Yíiwò wọlé lọ́jọ́ kan, ó bu omi sí i, omi sì ṣàn lọ sórí ìwé. Rọ́bà ni òdòdó náà. Áà, àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ fi bá wọn rín in. Ìyá Yíiwò ní eruku ara rẹ̀ ni òun ń fọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ta ló ń fi agolo ìbómirin fọ eruku lórí tábìlì ọ̀gá? Ṣùgbọ́n kò gbà, ó lérí, ó ní ojú òun dá ṣáká. Ká má parọ́, ó tó ọdún kan tí kò ti gbọn ẹ̀ka sórí bébà mọ́. Ó ní kò sí aláǹtakùn pupa lọ́dún náà. Télọ̀ ọkọ rẹ̀ náà kì í ní kó bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Kò sọ ìdí, ìyàwó rẹ̀ ò sì bi í.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Kékeré lọ sọ ti ojú. Métírọ́ọ̀nù pe Ìyá Yíiwò, ó fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. "Ìyá wa, ẹ lọ sinmi. Àbúrò yín á máa bá a lọ. Bí òdòdó mi bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá ránṣẹ́ pè yín."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni Ìyá Yíiwò gbé délé. Bí òdòdó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wí i nígbà tó ń fọ abọ́, ó ń wí i nígbà tó ń ká aṣọ. Kékeré wá kí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ní kí Télọ̀ sọ pé òun ò sí nílé, ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti yàrá bó ṣe ń kọ́ ọ lóhun tó máa sọ.

Ẹ̀yìn ilé ni èrò ìkà náà ti bá a. Ọjọ́ pẹ́ tó ti gé ẹ̀ka Aláhọ́n láti ilé ìgbẹ̀bí, tó sì gbìn ín sẹ́bàá ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó lọ sinmi, kò bojú wò ó mọ́, inú ń bí i sí gbogbo ohun tó bá ń tanná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń sá aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀ka, ẹ̀ka náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ ọn. Funfun ló rí, funfun ní oríkèé, funfun lábẹ́ ewé. Olówùú! Ó ti ń yíjú padà láti lọ wá ọṣẹ kó tó dúró. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í wá sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irú ẹ̀rín tí kò tíì rín láti oṣù méjì.

"Ẹ kú ilé o," ó wí fún àwọn kòkòrò náà. "Ẹ ò ní pẹ́ lọ ṣàlejò."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kó wọn. Ó wá ìgò tó fẹ̀ lẹ́nu, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi ewé díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ebi má pa wọ́n lọ́nà. Ìyẹ́ adìẹ ló fi ń gbá wọn sínú ìgò, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kó ẹyin. Àwọn kan wà láàárín wọn tó tóbi ju àwọn yòókù lọ dáadáa, tí òwú ara wọn gùn tó sì ń mì. Wọ́n tún yá. Bí ìyẹ́ bá kàn wọ́n, wọ́n á rìn. Inú Ìyá Yíiwò dùn sí wọn gan-an. Ó ní àwọn ọ̀gá wọn nìyẹn, àwọn tó lè jẹ òdòdó ilé ìgbẹ̀bí tán pátápátá. Kí ló fẹ́ fi àwọn wẹ́wẹ́ ṣe? Àwọn ńlá nìkan ló kó, ó fi àwọn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lórí igi tirẹ̀.

Télọ̀ rí i níbi tó ti ń fi àkísà bo ẹnu ìgò. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ bẹ èèyàn wò."

"Ẹni tó ń lọ bẹ èèyàn wò, ṣebí èso ló ń rà dání."

"Èyí tí mò ń gbé lọ yìí náà máa so."

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń gbé obìnrin yìí, ó mọ ìgbà tí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. "Ìyá Yíiwò, ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn o."

"Ta ló ń gbẹ́ kòtò? Ìgò ni mo gbé." Ó so àkísà náà mọ́ ìgò, ó fà á le. "Ẹ máa ránṣọ yín, Télọ̀. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ò da nǹkan kan, eérú ni mo fẹ́ darí padà."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gba àlejò láyè nílé ìgbẹ̀bí. Mègáàdì rí i lókèèrè, ó dìde fún un. "Ìyá wa! Ó tójọ́ mẹ́ta o!"

"Mo ní kí n wá kí àbúrò mi."

"Ó wà lọ́fíìsì Métírọ́ọ̀nù. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wọlé."

Wọ́n ń tan ara wọn jẹ níbẹ̀, Ìyá Yíiwò wí nínú ara rẹ̀, wọ́n ń fi ojú mi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kò burú, òun á jókòó dè é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì apá òsì, ó wo Aláhọ́n. Láti ibi tó jókòó, ewé tútù ló rí, ó gbilẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wá bá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá. Kékeré tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di agolo mú, òdòdó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu báyìí!

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní okùn, ṣùgbọ́n ta ló ń wo bàtà ìyá àgbà? Ó tú àkísà, ó fi ìgò kan ẹ̀ka kan, ó gbọ̀n ọ́n. Ó bọ́ sí èkejì, ó gbọ̀n ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. "Ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ dé egungun. Ẹ jẹ ẹ́ débi tí Métírọ́ọ̀nù á fi figbe bọnu. Kí wọ́n lé e jáde níbi tí wọ́n ti lé mi jáde, kí àwọn nọ́ọ̀sì náà fi rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣẹ́ ẹyọ ewé kan kù fún un."

Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ. "Ìyá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ń bá wa wo òdòdó ni?"

"Mò ń wò ó," Ìyá Yíiwò dáhùn, ó tẹnu mọ́ ọn kó lè yé e dáadáa, "mo sì ń rí i kedere."

Kò dúró de Kékeré mọ́. Ìgò òfìfo ló gbé wọlé, orin ló ń kọ, ó sì jẹ oúnjẹ àjẹyó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Olówùú kì í kánjú, ó mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kì í tàsé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ewé á ká jọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrudi á máa já bọ́ kó tó là. Lẹ́yìn ìyẹn, Métírọ́ọ̀nù á ránṣẹ́. Ó ti lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́. Ó tiẹ̀ ti pinnu ohun tó máa sọ nígbà tí Kékeré bá wá fi omijé bẹ̀ ẹ́. Ó máa dákẹ́ díẹ̀, ó máa wo ojú rẹ̀, ó máa wá ní: "Ta ni ìwọ? Ojú mi ń ṣú, mi ò dá ọ mọ̀." Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yìí débi pé ó sọ ọ́ fún Télọ̀. Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Aláhọ́n ẹ̀yìn ilé rẹ̀ wá ń bàjẹ́ lọ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Olówùú pọ̀ sí i, èèrà ń tò lọ tò bọ̀, ewé dúdú bíi pé èédú rọ̀ sí i lórí. Télọ̀ ní, "Ìwọ, òdòdó ẹ̀yìn ilé ń kú lọ o. Ṣé o ò ní wẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó kú," Ìyá Yíiwò wí. "Èkejì rẹ̀ náà ń kú lọ́hùn-ún. Wọ́n jọ ń lọ ni."

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, Kékeré dé. Àárọ̀ ni, Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn, kò béèrè bóyá wọ́n wà nílé, ó kàn wọlé tààrà, ó sì lọ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgò oògùn kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Yíiwò ti ń ṣètò ojú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ti há sórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Kékeré wí, "mègáàdì ti sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì náà rí yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sídìí Aláhọ́n, ẹ da nǹkan sí i."

Ọwọ́ ti tẹ Ìyá Yíiwò. Ó wo Télọ̀, Télọ̀ ń wo abẹ́rẹ́. Ó ti ń wá irọ́ tó máa pa nígbà tí àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ gbì, tó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ ṣé! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe sí yín, ẹ ò jẹ́ kí ojú tì mí!"

"Kí lo wí?"

"Mo ti ń kú lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ni olówùú ti bo Aláhọ́n. Mo fín oògùn, Métírọ́ọ̀nù ní kí n má fín in mọ́, òórùn rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn ọmọ tuntun. Mo fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mo fi gírísì yí ìdí igi ká kí èèrà má lè gùn ún. Olówùú ò lọ, wọ́n ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí ẹ wá yẹn, ara rẹ̀ ti funfun láti ìdí dókè, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ló ń rí i."

Ìyá Yíiwò rántí ewé tútù tó rí lọ́jọ́ náà.

"Ọ́fíìsì Métírọ́ọ̀nù ni mo wà nígbà tí ẹ dé. Lẹ́tà yín ló ń kọ."

"Lẹ́tà wo?"

"Pé kẹ́ ẹ padà wá. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní bí Aláhọ́n ò bá sàn, èmi fúnra mi ni kí n gbé lẹ́tà náà wá fún yín, kí n sì máa lọ sílé mi. Kò tó ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ wá, mo rí àwọn nǹkan yìí láàárín olówùú. Wọ́n ń jẹ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n ń jẹ olówùú bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àná! Nígbà tó yá, wọ́n di kòkòrò dúdú kékeré tí orí rẹ̀ pọ́n, tó ń fò, àwọn yẹn náà tún ń jẹ wọ́n. Ìjẹta, Métírọ́ọ̀nù jáde wá, ó ka ìrudi mọ́kànlá. Ó fa lẹ́tà náà ya lójú mi."

"Ó fà á ya," Ìyá Yíiwò wí.

"Wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ti mú díẹ̀ nínú wọn wá fún yín, torí mo rí ti ẹ̀yìn ilé yín bí mo ṣe ń kọjá. Ẹ ti kó gbogbo tiyín fún mi. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀ fún ẹni tó dalẹ̀ rẹ̀?"

Bí àbúrò rẹ̀ bá bú u, Ìyá Yíiwò ì bá fara dà á. Bó bá fa ọlọ́pàá wá, ó ní ohun tó máa sọ fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ọpẹ́! Kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó fi gbogbo inú burúkú ṣe! Ó já ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ó dìde.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! O gbọ́? Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rárá! Olówùú ni mo dà sí i! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan! Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ òdòdó yẹn run, kí wọ́n lé ọ bí ajá, kí o wá sunkún níwájú mi níbí kí n lé ọ jáde! Ohun tí mo ṣe nìyẹn, má fi oore tí mi ò ṣe kàn mí!"

Ẹ̀rọ Télọ̀ dákẹ́. Kékeré ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Olówùú kọ́ nìwọ̀nyí, ẹ̀gbọ́n mi. Òwú ara nìkan ni wọ́n fi jọ ọ́, olówùú ni oúnjẹ wọn. Ẹsẹ̀ wọn hàn, wọ́n ń sáré. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé olówùú kì í sáré."

"Mo mọ ohun tí mo kó."

"Ẹ wò wọ́n nígbà náà." Ó na ìgò kékeré náà sí i.

Ìyá Yíiwò gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé, ó tún gbé e sókè. Funfun ló rí. Funfun yẹn náà ló rí lẹ́yìn ilé, òun náà ló fi ìyẹ́ adìẹ gbá sínú ìgò. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Kò sí orí. Inú ṣì ń bí i, inú ń bí i gidigidi, ẹni tí yóò bínú sí ni kò rí. Bí kò bá jẹ́ ìgò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ̀n, lẹ́tà yẹn ì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ níjẹta.

"Mélòó ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?" Kékeré bi í láti ẹ̀yìn.

Ó lè ní márùn-ún. Ó lè ní méje. Ó lè ní kó jáde nílé òun. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó fi ìka nu ara ìgò, bóyá ó dọ̀tí, ó tún wò ó.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mi ò rí wọn."